Kí O Tó Gbé Ilé Yẹn Sórí Sítátọ́ọ̀sì

Àbúrò mi, o kú oríire iṣẹ́ tuntun. Mo rí i pé o ti kọ "Realtor" sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ lórí WhatsApp. Inú mi dùn, mo sì rẹ́rìn-ín díẹ̀, nítorí mo mọ ohun tó kàn: kò ní pẹ́ tí wọ́n á fi da àwòrán ilé bo fóònù rẹ, ọwọ́ rẹ á sì máa yún ọ láti gbé gbogbo wọn sórí sítátọ́ọ̀sì. Mú sùúrù. Fa àga sún mọ́ mi. Àwọn nǹkan kan wà tí àwa tí a ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ejẹ́ǹtì máa ń sọ láàárín ara wa, mo fẹ́ kí o gbọ́ wọn kó tó di pé o pariwo ilé kankan.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kí o mọ ilé tàbí ilẹ̀ náà ju ẹni tó fẹ́ gbà á lọ. Ọ̀pọ̀ ejẹ́ǹtì ló mọ iye tí wọ́n ń tà á, tí wọn ò mọ nǹkan tí wọ́n ń tà. Oníbàárà á ní, "Ta ló ni ín? Ṣé omi máa ń ya wọ àdúgbò yẹn? Band wo ni iná wọn?" Ejẹ́ǹtì á ní, "Ẹ jẹ́ kí n pe ẹni tó fún mi níṣẹ́." Ẹ̀ẹ̀mejì tó bá ti sọ bẹ́ẹ̀, oníbàárà ti ń wo ẹlòmíràn.

"Ṣé dáírẹ́ẹ̀tì ni?" O ti gbọ́ ọ, àbí? Ìbéèrè tí a kọ́kọ́ ń bi ara wa nìyẹn: ṣé ọwọ́ onílé gan-an lo ti gba iṣẹ́ náà, àbí ọwọ́ ẹni tó gbà á lọ́wọ́ ẹni tó gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn? Ilé kan lè ti gba ọwọ́ èèyàn mẹ́rin kọjá kó tó dé ojú fóònù rẹ, kálukú á sì ti fi nǹkan díẹ̀ lé owó orí rẹ̀. Tí o kì í bá ṣe dáírẹ́ẹ̀tì, sọ bẹ́ẹ̀, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Kí ẹ ti fẹnu kò lórí bí ẹ ó ṣe pín kọmíṣọ̀n kí oníbàárà tó fẹsẹ̀ kan ilé náà. Kọ ọ́ ránṣẹ́, kí ẹnì kejì fèsì pé òun gbà. Ìrántí ọ̀rẹ́ a máa kúrú nígbà tí owó bá wọlé.

Tí onílé bá fún ọ níṣẹ́ fúnra rẹ̀, gba ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Ojú ewé kan tó: àdírẹ́sì ilé, iye tó fẹ́, kọmíṣọ̀n rẹ, ọjọ́, àti ìbuwọ́lù. Bàbá onílé mìíràn á fajú ro, á ní, "Ṣé o ò fọkàn tán mi ni?" Kúnlẹ̀, rẹ́rìn-ín, kí o ní, "Ẹ̀yin kọ́ o, bàbá mi. Nítorí àwọn ọmọ yín ni, kí wọ́n lè mọ ohun tí ẹ sọ." Mo ti lo gbólóhùn yẹn títí, kò tíì já mi kulẹ̀.

Ká wá sọ̀rọ̀ owó. Fún ilé gbígbé l'Ékòó, ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé ọdún kan ni kọmíṣọ̀n tí a mọ̀. LASRERA, iléeṣẹ́ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó tó ń mójú tó òwò ilé àti ilẹ̀, náà sì ti ń kìlọ̀ pé kí ejẹ́ǹtì má gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fún ilé tàbí ilẹ̀ títà, ìdá márùn-ún ló wọ́pọ̀, ẹ sì lè dúnàádúrà lórí rẹ̀. Má ṣe máa lọ́ tìkọ̀ tó bá kan owó rẹ. Dárúkọ rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí ìyá aláta ṣe ń dárúkọ iye tí ata rẹ̀ jẹ́, láìsí àlàyé gígùn.

Kí o sì sọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí àwọn oníbàárà ń pè ní "total package" ni wọ́n fẹ́ gbọ́, òun gan-an ni ejẹ́ǹtì máa ń fi pamọ́. Tí owó ilé bá jẹ́ ₦1,000,000, tí kọmíṣọ̀n jẹ́ ₦100,000, tí àgírímẹ́ǹtì jẹ́ ₦100,000, tí owó kọ́ṣọ̀n tí onílé ń gbà dúró sílẹ̀ náà jẹ́ ₦100,000, má ṣe kọ mílíọ̀nù kan sórí sítátọ́ọ̀sì rẹ. Kọ ₦1,300,000, kí o to bó ṣe jẹ́ sísàlẹ̀. Àwọn tí agbára wọn ò ká a kò ní pè ọ́, àwọn tó bá pè ti múra. Ìwọ fúnra rẹ á rí i bí ọjọ́ rẹ ṣe máa fúyẹ́ tó.

Ní ti owó tí àwọn kan ń gbà kí wọ́n tó mú èèyàn lọ wo ilé, èrò tèmi ni pé kí o jáwọ́ nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé epo ti wọ́n, mo sì mọ̀ pé àwọn kan kàn ń fi ilé wíwò najú lásán. Àmọ́ owó yẹn ni oúnjẹ àwọn onígbàjúẹ̀ tí kò ní ilé kankan lọ́wọ́: wọ́n á gbà á lọ́wọ́ ogún èèyàn, wọ́n á sì pa fóònù. O ò fẹ́ kí wọ́n kà ọ́ mọ́ wọn. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo ń kó àwọn tó fẹ́ wo àdúgbò kan náà jọ sí ọjọ́ kan náà, kálukú á fi owó ọkọ̀ ara rẹ̀ pàdé mi ní bọ́sítọ́ọ̀bù. Ẹni tí kò bá lè wọ ọkọ̀ wá wo ilé kì í ṣe oníbàárà.

Bákan náà, má jẹ́ kí owó ilé gba inú àkáǹtì rẹ kọjá. Kí ó lọ tààrà sọ́dọ̀ onílé tàbí lọ́yà rẹ̀, kí kọmíṣọ̀n rẹ wá lọ́tọ̀, kí o sì já rìsíìtì fún un. Tí wọ́n bá sì gbé owó inú báàgì wá fún ọ láti fi ra ilẹ̀, tí ó ti ju mílíọ̀nù márùn-ún lọ, ní kí wọ́n gbé e lọ sí báńkì. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2022 láti dènà fífọ owó ìdọ̀tí kò gbà kí ẹnì kan san ju ₦5,000,000 lọ ní káàṣì, ti iléeṣẹ́ sì jẹ́ ₦10,000,000. Òfin yẹn mọ̀ wá dáadáa. Àwa oníṣòwò ilé wà lára àwọn tó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SCUML, ẹ̀ka kan lábẹ́ EFCC.

Mo mọ̀ pé orúkọ EFCC ti mú kí o fẹ́ dìde lórí àga. Jókòó, kò le tó bẹ́ẹ̀. Forúkọ òwò rẹ sílẹ̀ ní CAC, lọ sọ́dọ̀ SCUML, tó bá sì jẹ́ Èkó lo ti ń ṣiṣẹ́, lọ sọ́dọ̀ LASRERA. Kó ẹ̀dà gbogbo ìwé náà sínú fáìlì kan lórí fóònù rẹ. Oníbàárà tó bá ní "ta ni yín gan-an?", fi ránṣẹ́ kó tó gbé ife omi rẹ̀ kalẹ̀.

Nǹkan kan péré lórí orúkọ: má ṣe pe ara rẹ ní "estate surveyor" tí o kò bá jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ tirẹ̀ ni, ESVARBON ló ń fún àwọn tó kàwé rẹ̀ ní oyè náà, ẹgbẹ́ wọn, NIESV, sì ti wà láti 1969. Tí oníbàárà bá fẹ́ kí o kọ iye tí ilé rẹ̀ tó sórí ìwé fún báńkì, àwọn ni kí o júwe fún un. Ìwé títà ilẹ̀ náà, lọ́yà ni kó kọ ọ́. Òfin kò gbà kí èmi àti ìwọ kọ ọ́ gbowó.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọ inú ilé.

Lọ wo ilé náà ní ìwọ nìkan kí o tó mú ẹnikẹ́ni débẹ̀. Ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi. Fa omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Wo ẹsẹ̀ ògiri yípo, ní pàtàkì ẹ̀yìn ilẹ̀kùn: tí ọ̀dà ibẹ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ nígbà tí ti òkè ti pẹ́, ó ṣeé ṣe kí omi ti wọbẹ̀ rí. Wo mítà, kí o béèrè bóyá gbèsè ayálégbé tó kó jáde ṣì wà lórí rẹ̀. Béèrè Band iná wọn pẹ̀lú, nítorí láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí owó iná Band A ti gbéra sókè, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Àwọn kan ń wá Band A lójú méjèèjì nítorí wákàtí ogún iná lójúmọ́ tí wọ́n ṣèlérí, àwọn mìíràn ń sá fún un nítorí owó rẹ̀. O kò lè mọ irú èyí tí oníbàárà rẹ jẹ́ àfi tí o bá bi í.

Lẹ́yìn náà, ra àkàrà. Mi ò ṣàwàdà. Ìyá tó ń din àkàrà ní kọ́nà mọ àdúgbò ju Gúgù lọ. Ó mọ ìgbà tí omi máa ń kún òpópónà, ó mọ iye ìgbà tí wọ́n ti jí báttírì mọ́tò, ó sì mọ ìdí tí ẹni tó ń gbé ní òkè fi kó jáde. Mo máa ń jókòó tì í, mà á ra fún ara mi, mà á ra sí i, mà á jẹ́ kó sọ̀rọ̀. Jẹ́ kí n jẹ́wọ́ pé nígbà mìíràn n kì í tilẹ̀ ní ilé kankan tí mo fẹ́ wò, àkàrà yẹn ni mo bá lọ.

Kí o tún bi onílé léèrè ẹni tí kò fẹ́. Ó ń dun èèyàn, àmọ́ ó wà bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ò fẹ́ ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ, àwọn kan ò fẹ́ ẹ̀yà kan, àwọn kan ò fẹ́ ẹni tó ń sin ajá. Mo kórìíra àkọ́kọ́ àti ìkejì, mo sì máa ń sọ fún wọn bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Fún àwọn ọmọbìnrin wa, mo máa ń bẹ onílé pé kó kọ́kọ́ wo lẹ́tà iṣẹ́ wọn àti ẹni tó máa dúró fún wọn kó tó sọ pé rárá, àwọn mìíràn sì máa ń yí ọkàn padà. Ẹni tí kò bá yí i padà, ó sàn kí èmi gbọ́ ọ lórí fóònù ju kí àbúrò ẹlòmíràn gbọ́ ọ lójúkojú ní ẹnu géètì lọ.

Bí onílé Èkó kan bá sì ní ọdún méjì ni kí o gbà lọ́wọ́ ayálégbé tuntun, rán an létí òfin ilé gbígbé ìpínlẹ̀ Èkó ti ọdún 2011. Òfin náà ní kò gbọdọ̀ ju ọdún kan lọ, ó sì dárúkọ ejẹ́ǹtì mọ́ onílé. Ó yọ Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀, nítorí náà mọ ibi tí o dúró sí kí o tó sọ̀rọ̀. Òfin yìí kan náà ló fún ayálégbé ọlọ́dọọdún ní oṣù mẹ́fà kí wọ́n tó lè ní kó kó jáde, tí kò bá sí àdéhùn mìíràn láàárín wọn. Ó máa ń ya àwọn oníbàárà lẹ́nu pé ejẹ́ǹtì mọ èyí. Jẹ́ kó yà wọ́n lẹ́nu.

Ilẹ̀ wá ni ibi tí mo fẹ́ ká ti pẹ́ díẹ̀, nítorí ilé gbígbé kò lè gba ogún ọdún owó èèyàn lọ lọ́jọ́ kan, ilẹ̀ lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Gba ẹ̀dà ìwé sọ́fè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ tà. Tí kò bá fẹ́ fún ọ, ó ti dá ọ lóhùn nìyẹn. Gbé e fún sọ́féyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ, kó mú un lọ sí ọ́fíìsì Surveyor-General ní Alausa, kí wọ́n fi nọ́ńbà orí rẹ̀ yẹ máàpù ìjọba wò. Ibẹ̀ ni wàá ti mọ̀ bóyá ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé e. Oríṣi ìgbẹ́sẹ̀lé méjì ló wà. Èyí tí ìjọba ti ní ohun tó fẹ́ fi ilẹ̀ náà ṣe ni wọ́n ń pè ní "committed": sá fún un, kò sí ẹ̀bẹ̀ tó ń tú u. Ìkejì ni èyí tí ìjọba gbà lọ gbuuru, tí kò tíì ní iṣẹ́ kan pàtó níbẹ̀. Ìyẹn ni ìjọba lè yọ apá kan rẹ̀ padà fún ìdílé tó ni ín, èyí tí a ń pè ní excision, tó bá sì parí, á jáde nínú gásẹ́ẹ̀tì. Tí wọ́n bá sọ fún ọ pé excision ń lọ lọ́wọ́, ní kí wọ́n pè ọ́ nígbà tó bá parí.

Ìwé mìíràn tó máa ń rú àwọn àbúrò lójú ni C of O, ìwé tí gómìnà fi ń fún èèyàn ní ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀. Láti 1978 tí Òfin Ìlò Ilẹ̀ ti jáde, ọwọ́ gómìnà ni gbogbo ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà, ó ń dì í mú fún aráàlú. Ẹni tó bá ní C of O, tó wá fẹ́ tà á, gómìnà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí títà náà. Nítorí náà, oníbàárà tó ra ilẹ̀ tó ní C of O kò tíì parí iṣẹ́. Orúkọ ẹni àkọ́kọ́ ló ṣì wà lórí ìwé, ìfọwọ́sí gómìnà ló máa wá kiri. Iṣẹ́ yẹn ní owó tirẹ̀, kì í sì í ṣe kékeré. Sọ fún un kó tó sanwó, kó lè kà á mọ́ ohun tó máa ná. Kí lọ́yà rẹ̀ sì ṣe ìwádìí ní ibi tí ìjọba ń kó ìwé ilẹ̀ pamọ́ sí, ní Alausa fún Èkó, ní sẹkitéríàtì Agodi fún Ìbàdàn. Níbẹ̀ ni wọ́n á ti rí i bóyá ojúlówó ni C of O náà, àti bóyá wọ́n ti fi ilẹ̀ náà yá owó ní báńkì.

Ilẹ̀ ẹbí ńkọ́? Ilẹ̀ ẹbí ló pọ̀ jù nílẹ̀ wa, òun ló sì ń dá ẹjọ́ sílẹ̀ jù. Òfin tó wà nídìí rẹ̀ kò le: bí ọmọ ẹbí kan bá dá a tà láìsí olórí ẹbí, kò sí títà kankan lójú òfin. Bí olórí ẹbí bá tà á láìsí àwọn àgbààgbà ẹbí, wọ́n lè gba ilé ẹjọ́ lọ kí wọ́n fagi lé e. Ní Ìbàdàn, béèrè mọ́gàjí tó jẹ́ olórí ẹbí, kí o sì béèrè àwọn tó yẹ kó jókòó tì í. Kí gbogbo wọn bu ọwọ́ lùwé lójú kan náà, kí lọ́yà wà níbẹ̀, kí o ya fọ́tò. Tí ẹnì kan bá ń fi ẹ̀yìn rìn, tó ní àwọn yòókù ti mọ̀ sí i, mú báàgì rẹ.

Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà ti to ọ̀nà márùn-ún kalẹ̀ lọ́dún 1976, tí èèyàn lè fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀. Ìwé jẹ́ ọ̀kan péré nínú wọn. Ìtàn bí ìdílé ṣe tẹ ibẹ̀ dó wà níbẹ̀, ìlò ilẹ̀ náà fún ìgbà pípẹ́ náà wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń lọ dúró lórí ilẹ̀ fúnra mi, bó ti wù kí ìwé rẹ̀ mọ́ tó. Mo máa ń bi ẹni tó ní oko lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀ pé, "Ta ló ni èyí?" Orúkọ tó bá yàtọ̀ sí ti inú ìwé, a ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Tí o bá sì rí i tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára ògiri pé ilé yìí kì í ṣe títà, má kàn kọjá lọ. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnì kan nínú ìdílé náà ti fẹ́ tà á lẹ́yìn àwọn yòókù. Kọ àdírẹ́sì rẹ̀ sílẹ̀, nítorí wọ́n á gbé e wá fún ọ lọ́jọ́ kan ní owó pọ́ọ́kú, wàá sì ti mọ èsì rẹ.

Ọ̀rọ̀ ọmọ onílẹ̀, sọ ọ́ jáde. Èkó ti ṣe òfin lòdì sí fífi ipá gba ilẹ̀ lọ́dún 2016, síbẹ̀ àwọn tó ń gba owó ìpìlẹ̀ àti owó òrùlé ṣì wà káàkiri. Bi àwọn tó ti ń kọ́lé ládùúgbò náà pé kí ni wọ́n san, fún ta ni, kí o sọ ọ́ fún oníbàárà rẹ pẹ̀lú orúkọ ẹbí náà. Má ṣèlérí pé "kò sí ọmọ onílẹ̀ níbẹ̀". Ta ló rán ọ níṣẹ́ yẹn?

Ní ti bí ilẹ̀ náà ṣe jìnnà tó, máa fi aago ọwọ́ rẹ wọ̀n ọ́n. Láti ìgbà tí èbúté Lekki ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2023, gbogbo ilẹ̀ Ìbẹ̀jú-Lekki àti Ẹ̀pẹ́ ló ti di "ẹ̀gbẹ́ rìfáínárì Dangote" lẹ́nu ejẹ́ǹtì, títí kan èyí tí èèyàn máa wọ mọ́tò wákàtí kan kó tó dé. Wakọ̀ lọ láàárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè. Kọ iye ìṣẹ́jú tó gbà ọ́. Ní etí òkun, béèrè ibi tí ọ̀nà Lagos–Calabar máa gbà, nítorí wọ́n ti wó àwọn ilé kan nítorí rẹ̀ láti 2024, àwọn tó ni wọ́n sì rà wọ́n lọ́wọ́ ẹnì kan.

Ẹ jẹ́ ká gbà pé obìnrin ni wá, kí n sọ̀rọ̀ ààbò. Má ṣe bá ọkùnrin tí o kò mọ̀ wọ ilé òfìfo nígbà tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, bó ti wù kí kọmíṣọ̀n rẹ̀ pọ̀ tó. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń fi òpin sí i. Gba orúkọ rẹ̀ àti ibi iṣẹ́ rẹ̀ ṣáájú. Fi ibi tí o wà ránṣẹ́ sí ẹnì kan lórí WhatsApp, kí ó máa rí ọ bí o ṣe ń lọ. Jẹ́ kí oníbàárà wọ yàrá ṣáájú rẹ, kí ìwọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Kò ní mọ̀ pé ọgbọ́n ni, á rò pé o kàn mọ ìwà hù. Tí ara rẹ bá sọ fún ọ pé kí o má lọ, parọ́ pé kọ́kọ́rọ́ kò sí lọ́wọ́ rẹ. Èyí nìkan ni irọ́ tí mo fọwọ́ sí nínú iṣẹ́ yìí.

Ajá ń bà mí lẹ́rù, mo gbà. Mo máa ń pe mégádì ṣáájú kó so ó mọ́lẹ̀, mà á sì fi owó omi tútù dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwọ náà mọ mégádì lórúkọ, bí ajá ò tilẹ̀ bà ọ́ lẹ́rù. Òun ló ń kọ́kọ́ mọ̀ pé ẹnì kan fẹ́ kó jáde.

Aṣọ? Bàtà pẹlẹbẹ, nítorí pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀ Ajah kò mọ bàtà gíga. Mo fẹ́ràn lọ́fínńdà bí nǹkan míì, àmọ́ n kì í fín in lọ wo ilé. Oníbàárà á rò pé òórùn kan wà tí mo fẹ́ fi bò.

Fọ́tò: nu ojú kámẹ́rà rẹ, ya á láàárọ̀, ṣí fèrèsé, bo ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ya òpópónà náà mọ́ ọn, wọ́n á béèrè ẹ̀. Má fi fọ́tò ilé mìíràn gbé tìrẹ yọ, ó tán.

Àwọn oníbàárà wa tó wà l'Ókè Òkun, ní Lọ́ńdọ̀n, ní Houston, wọ́n yàtọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti rán owó sí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò kan nílé rí, wọ́n sì mọ ibi tó parí sí. Nítorí náà, wọ́n á bi ọ́ ní ìbéèrè kan náà lọ́nà mẹ́ta. Má bínú. Pè wọ́n lórí fídíò láti orí ilẹ̀ náà, bẹ̀rẹ̀ láti títì, kí wọ́n rí ọ̀nà tí o gbà débẹ̀. Ní kí wọ́n yan lọ́yà tiwọn, kì í ṣe ẹni tí ìwọ mú wá. Tí ẹnì kan bá máa bu ọwọ́ lùwé fún wọn níbí, kí lọ́yà ṣe ìwé àṣẹ tó sọ ohun tí ẹni náà lè ṣe àti ohun tí kò lè ṣe. Kí o sì máa rántí aago tiwọn. Àárọ̀ kùtùkùtù wa níbí, òru ọ̀gànjọ́ ni ní Houston.

Owó iṣẹ́ yìí kì í wọlé ní ìparí oṣù, o mọ ìyẹn. Dá àjọ. Ìpín kan nínú gbogbo kọmíṣọ̀n, kó lọ sínú àjọ náà lọ́jọ́ tó bá wọlé, kí o tó fi ojú kan aṣọ tí ọ̀rẹ́ rẹ ń tà.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kó wọlé tán, pè wọ́n. Òjò ńlá àkọ́kọ́ tó bá rọ̀ ni mo máa ń dúró dè. Béèrè bóyá òrùlé ń jò, bóyá mítà ti jẹ́ orúkọ wọn, bóyá omi ń yọ. Tó bá ń jò, ìwọ ni kí o pe onílé, má sọ pé kọmíṣọ̀n rẹ ti wọlé. N kì í béèrè oníbàárà tuntun lọ́wọ́ wọn nínú irú ìpè bẹ́ẹ̀. Àwọn fúnra wọn ni wọ́n á ní, "Àǹtí, ọ̀rẹ́ mi kan ń wá rúùmù àti páálọ̀ ní Ṣómólú o." Kọ orúkọ ọ̀rẹ́ náà sílẹ̀, bi í ní iye tó ní lápapọ̀ àti ọjọ́ tó fẹ́ kó wọlé, kí o sọ fún un pé o máa pè é padà lọ́la. Lẹ́yìn náà, wọ ọkọ̀ lọ sí Ṣómólú.